Ìdílé Couperin àti Ìwé Orin Hapsikọ́ọ̀dù

Ní nǹkan bí ọdún 1650, ní ọjọ́ àjọ̀dún Jákọ́bù Mímọ́ tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù Keje, àwọn ọ̀dọ́ kan kó ohun èlò orin wọn, ó di ilé gbajúmọ̀ kan lágbègbè Chaumes-en-Brie, ìlú kékeré kan tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Paris. Jacques Champion ni orúkọ baálé ilé náà, ṣùgbọ́n Chambonnières ni gbogbo ayé ń pè é, òun ló sì ń tẹ hapsikọ́ọ̀dù láàfin ọba ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ ẹni mímọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni, òun àti àwọn àlejò rẹ̀ sì ti jókòó ti oúnjẹ. Àwọn ọ̀dọ́ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Orin náà wọ Chambonnières lára débi pé ó ní kí wọ́n wọlé, ó sì béèrè ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n nawọ́ sí Louis Couperin. Bàbá Louis ń ṣòwò nílùú náà, ó sì ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Chambonnières ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí ń gbé ìgbèríko títí ayé, ó sì mú un lọ sí Paris. Nígbà tó yá, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì, François àti Charles, tẹ̀ lé e.

Titon du Tillet ló kọ ìtàn yìí sínú ìwé rẹ̀ ní 1732, ìyẹn bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀. Bó bá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kò yani lẹ́nu. Ìtàn orírun ìdílé wo ni wọn kì í fi iyọ̀ sí? Èyí tí kò ní iyàn nínú ni pé ní 1653, Louis di atẹdùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Gervais, nítòsí odò Seine ní Paris, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, ipò yẹn kò kúrò lọ́wọ́ àwọn Couperin títí ó fi lé ní ọdún 170.

Bí wọ́n ṣe ń bí ọmọ Àyàn sídìí ìlù nílẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bí ọmọ Couperin sídìí dùùrù. Etí àti ọwọ́ ni ọmọ ń fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Àmọ́ àwọn Couperin kò fi mọ sínú ilé. Wọ́n tún fẹ́ kí ẹni tí kò rí wọn rí, tí kò tilẹ̀ gbé ìlú wọn, ra ìwé lọ́jà, kó sì fi tẹ orin wọn bí àwọn fúnra wọn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìjàkadì tí wọ́n bá bébà jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ ròyìn.

Ẹni tó bá mọ píánò lè rò pé ìyàtọ̀ díẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀ àti hapsikọ́ọ̀dù. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Píánò ń fi òòlù kékeré lu wáyà. Hapsikọ́ọ̀dù ń ta wáyà ni. Ní ìdí ibi ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró ṣánṣán, wọ́n sì fi ṣóńṣó ìyẹ́ ẹyẹ, ti kannakánná lọ́pọ̀ ìgbà, há a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìka bá tẹ̀, igi náà gòkè, ìyẹ́ ta wáyà, ohùn jáde. Bí ìka bá kúrò, igi náà sọ̀ kalẹ̀, ahọ́n kékeré tí ìyẹ́ wà lára rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn kó má baà tún wáyà ta lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ bíńtín kan bo wáyà mọ́lẹ̀, ohùn dákẹ́. Tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, bákan náà ni yóò ṣe dún.

Nítorí náà, ẹni tó ń tẹ hapsikọ́ọ̀dù kò lè fi ipá ọwọ́ fi hàn wá pé ibí ni ọ̀rọ̀ wà nínú orin. Àkókò ló ń fi ṣe é. Á fa ohùn kan gùn, á dá òmíràn dúró díẹ̀ kó tó jẹ́ kó dún, á gbọn ìka lórí ẹyọ kan, á tú ohùn mẹ́rin tó yẹ kó dún pọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà gan-an sì ni àkọsílẹ̀ ti ń ṣòro.

Kí àwọn Couperin tó dé, wọ́n ti ń tẹ ìwé orin fún dùùrù àti hapsikọ́ọ̀dù jáde nílẹ̀ Yúróòpù. Andrea Antico fín ọ̀kan sórí igi ní Rome ní 1517. Àwòrán iwájú ìwé náà fi ọkùnrin kan hàn nídìí hapsikọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ọ̀bọ kan tó gbé ohun èlò olókùn dání. Ní Paris, Pierre Attaingnant tẹ ìwé méje jáde ní 1531. Ohun tó fa wàhálà ni pé lẹ́tà ìtẹ̀wé tí wọ́n ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan dára fún orin tí ẹnu ń kọ, ohùn kan lẹ́yìn òmíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló ń bẹ lórí hapsikọ́ọ̀dù, tí ohùn mẹ́ta mẹ́rin ń gun ara wọn lórí. Ẹni tó fẹ́ kọ irú orin bẹ́ẹ̀ kó lè ṣeé kà, àfi kó fín in sára bàbà, níbi tí irin lè gbà yí síbi tó bá wu oníṣẹ́ ọnà. Bàbà ni wọ́n lò fún *Parthenia* ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà ìgbéyàwó Elizabeth ọmọ Ọba James ní 1613, bàbà náà sì ni Girolamo Frescobaldi lò fún àwọn *Toccata* rẹ̀ ní Rome ní 1615. Iṣẹ́ tó rẹwà ni. Iṣẹ́ tó ń gbówó lórí sì ni pẹ̀lú.

Bóyá owó ló fà á, bóyá ikú tó tètè dé ni, Louis Couperin kò tẹ ìwé orin hapsikọ́ọ̀dù kankan jáde. Ó kú ní 1661 láì tí ì pé ẹni ogójì ọdún. Titon du Tillet sọ pé wọ́n fi ipò Chambonnières lọ̀ ọ́ láàfin, ó kọ̀, ó ní òun kò ní gba ipò ẹni tó ṣe òun lóore nígbà tó ṣì wà láàyè. Ni wọ́n bá wá ipò mìíràn fún un nídìí ohun èlò olókùn. Ìwé àfọwọ́kọ ló gbé orin rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó lókìkí jù ni ìwé Bauyn, tí wọ́n fi orúkọ ìdílé tí àmì wọn wà lára èèpo rẹ̀ pè, ó sì wà ní ilé ìkówèésí àpapọ̀ ilẹ̀ Faransé ní Paris. Bí iná bá ti jó ìwé yẹn, orúkọ lásán ni Louis ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ fún wa.

Ẹ ṣí ìwé náà sí ibi àwọn prélude rẹ̀, ìyẹn àwọn orin ìṣáájú. Kò sí ìlà tó ń pín orin sí ìwọ̀n ọgbọọgba. Kò sí àmì tó sọ pé ohùn yìí gùn ju ìyẹn lọ. Òdo funfun ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì láti etí ojú ìwé títí dé etí kejì, àwọn ìlà gígùn kan sì tẹ̀ kọrọdọ lókè àti nísàlẹ̀ wọn, tí wọ́n ń sọ èyí tí ìka gbọ́dọ̀ dì mú nígbà tí òmíràn ń dún. Louis sọ ohùn tí a ó tẹ̀, ó sọ èyí tó bá èkejì tan, ó wá fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà tó sọ gbangba pé òun ń fara wé Froberger, ará Jámánì tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Frescobaldi, tó sì wá sí Paris ní 1652. Títí di òní, ẹni méjì kì í tẹ prélude Louis Couperin bákan náà. Lójú tèmi, nínú gbogbo ìwé orin hapsikọ́ọ̀dù, kò sí èyí tó jẹ́ olóòótọ́ bí èyí, nítorí kò díbọ́n pé òun mọ ohun tí bébà kò lè mọ̀.

Ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti gbọ́ orin náà létí rí nìkan ló wúlò fún. Chambonnières fojú ara rẹ̀ rí i. Ìgbà rẹ̀ ti wọ̀ láàfin; wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò máa fi hapsikọ́ọ̀dù gbe orin àwọn ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ yẹn kò sì bá a lára mu. Jean-Henri d'Anglebert ra ipò rẹ̀ ní 1662. Lẹ́yìn náà ni Chambonnières tẹ ìwé méjì jáde ní 1670, wọ́n fín wọn sára bàbà, àwọn ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún hapsikọ́ọ̀dù nìkan nílẹ̀ Faransé. Ohun tó mú un ṣe é ni pé àwọn ènìyàn ń da orin rẹ̀ kọ káàkiri, wọ́n ń tà á, àṣìṣe sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó fi tábìlì kékeré kan síwájú ìwé náà tó ṣàlàyé àwọn àmì ọ̀ṣọ́ rẹ̀: báyìí ni a ń gbọn ìka, báyìí ni a ń tú ohùn ká.

Tábìlì yẹn ni gbogbo èèyàn wá di mọ́. Nígbà tí d'Anglebert tẹ tirẹ̀ jáde ní 1689, àmì ọ̀ṣọ́ 29 ló tò síbẹ̀. Johann Sebastian Bach, tó wà ní Jámánì lọ́hùn-ún, tí kò rí Paris rí, jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo tábìlì náà kọ. Élisabeth Jacquet de La Guerre, ọmọbìnrin tó ti ń tẹ hapsikọ́ọ̀dù níwájú Ọba Louis Kẹrìnlá láti kékeré, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1687 nígbà tó wà ní ẹni ọdún 22. Àwọn prélude inú rẹ̀ ń lọ láìní ìwọ̀n bíi ti Louis, lójijì wọ́n á bọ́ sínú ìwọ̀n, wọ́n á tún jáde. Ẹ̀dà kan ṣoṣo péré ló kù nínú ìwé náà, Venice ni wọ́n sì ti rí i.

Ní 1679, Charles, àbúrò Louis tó jogún Saint-Gervais, kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, François, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì fi ipò náà pa mọ́ dè é, wọ́n sì bẹ Delalande, olórin kan, pé kó máa tẹ dùùrù títí ọmọ yóò fi pé ọdún 18. Ọmọ yìí ni wọ́n wá ń pè ní Couperin Ńlá. Ọ̀rọ̀ bàbà kò yé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1690, nígbà tó fẹ́ gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jáde, ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ló lè sanwó kí wọ́n fín. Ìyókù, ọwọ́ ni wọ́n fi dà á kọ fún àwọn tó rà á.

Nígbà tí yóò fi di 1713, nǹkan ti yí padà. Ó ti di ẹni ààfin, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọba, ó sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba pé ẹnikẹ́ni mìíràn kò gbọdọ̀ tẹ orin òun jáde. Ọdún yẹn ló gbé ìwé hapsikọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ jáde. Èkejì tẹ̀ lé e láàárín 1716 sí 1717, ẹ̀kẹta ní 1722, ẹ̀kẹrin ní 1730. Orin tó lé ní 220 ló wà nínú wọn, ó pín wọn sí agbo 27. Ó fún wọn lórúkọ bí ẹni ń sọ ọmọ: àwọn olùkórè wà níbẹ̀, aago tí ń jí èèyàn lówùúrọ̀ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ààfin wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Ọ̀kan ń jẹ́ *Les Barricades mystérieuses*, kò sì sẹ́ni tó tíì rí ìdí orúkọ náà. Ọwọ́ méjèèjì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ohùn ti nípọn, kò sí èyí tó dún pọ̀ mọ́ èkejì tán, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó dá dúró. Òmíràn, *Le Tic-Toc-Choc*, fẹ́ hapsikọ́ọ̀dù tó ní ibi ìtẹ̀ méjì lórí ara wọn, nítorí pé ojú kan náà ni ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí píánò, ìka yóò lọ́ mọ́ra.

Ní 1716 ó kọ *L'art de toucher le clavecin*, ìwé ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ tó fi prélude mẹ́jọ sí nínú. Ẹni tó bá ti jẹ́ olùkọ́ orin rí yóò rẹ́rìn-ín nídìí ìwé náà. Ó ní kí wọ́n fi ìyẹ́ tí kò le sí hapsikọ́ọ̀dù tí ọmọdé yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí ìka má baà di líle. Ó ní bí ọmọ bá ń ṣe ojú ìjàngbọ̀n nídìí orin, kí wọ́n gbé dígí síwájú rẹ̀. Ó tún ní òun a máa ti hapsikọ́ọ̀dù, òun a sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ, kí ọmọ má baà fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ba ohun tí òun fi odindi àkókò ẹ̀kọ́ kọ́ ọ jẹ́. Nínú ìwé yìí kan náà ló ti jẹ́wọ́ pé àwọn ará Faransé kì í tẹ ohun tí wọ́n kọ: wọ́n lè kọ ohùn mélòó kan ní ọgbọọgba, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní gígùn àti kúkúrú, kúkúrú àti gígùn. Ó ní ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń ba orin wọn jẹ́.

Ẹni tó mọ èyí ì bá fọwọ́ lẹ́rán. François kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé kẹta, ó bínú. Ó ní lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí òun ṣe láti fi àmì sí ọ̀ṣọ́ orin òun, àwọn ènìyàn ṣì ń tẹ orin náà bó ṣe wù wọ́n; kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, kí wọ́n má fi kún un, kí wọ́n má yọ kúrò. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Òun wá, ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Mo gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Síbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àkọsílẹ̀ ilé wọn kò bá ìtẹ̀ wọn mu, tó tún ń retí kí àlejò fi àkọsílẹ̀ nìkan tẹ̀ ẹ́ tán, ó ń béèrè ohun tí kò sí.

Nínú ìwé kẹrin, ara rẹ̀ kò yá mọ́. Ó sọ níbẹ̀ pé òun nírètí pé ìdílé òun yóò rí nǹkan nínú àwọn bébà òun tí wọn yóò lè tẹ̀ jáde lẹ́yìn òun. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1733. Ìdílé kò tẹ ohunkóhun jáde. Àwọn bébà náà ṣègbé. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé òun àti Bach kọ lẹ́tà síra wọn, pé ìdèrí ìgò jáàmù ni àwọn lẹ́tà náà dà nílé Couperin. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á. Èyí tó dájú ni pé Bach mọ iṣẹ́ rẹ̀: orin *Les Bergeries* ti Couperin wà nínú ìwé tí Anna Magdalena, ìyàwó Bach, bẹ̀rẹ̀ sí í da orin kọ sí ní 1725.

Ibi tí bàbà kò bá dé, ọ̀rọ̀ a máa rí báyìí. Domenico Scarlatti kọ sonata 555 tí a mọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ fún Maria Barbara, ọmọ ọba Pọtogí tó di ayaba Sípéènì. Ọgbọ̀n péré ló fi síwájú aráyé nínú ìwé tó gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1738. Kò sí èyí tí a ní ní ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Àwọn ìwé tí akọ̀wé dà kọ fún ayaba, tó wà ní Venice àti Parma lónìí, ló gba iṣẹ́ náà là.

Ní Paris, Saint-Gervais ṣì wà lọ́wọ́ àwọn Couperin. Marguerite-Antoinette, ọmọ François, gba ipò hapsikọ́ọ̀dù láàfin ní 1730, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Armand-Louis, ìbátan rẹ̀, fẹ́ ọmọ Blanchet tó ń kan hapsikọ́ọ̀dù. Bó ṣe ń sáré láti ìsìn kan lọ sí òmíràn ní 1789, ẹṣin kan tó ti já tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì kú. Ọdún yẹn náà ni Ìyípadà Ńlá ilẹ̀ Faransé bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Gervais-François, wá ọ̀nà là á já: ó kọ orin lórí orin àwọn ọlọ̀tẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 1799 ó sì tẹ dùùrù nígbà tí wọ́n ń ṣàsè fún Bonaparte nínú ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Sulpice, ọjọ́ díẹ̀ kí ọkùnrin yẹn tó gbàjọba. Ó kú ní 1826. Ọmọbìnrin rẹ̀ Céleste tẹ dùùrù Saint-Gervais fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó sì tán síbẹ̀.

Hapsikọ́ọ̀dù ti kú ṣáájú wọn. Píánò ti gba ipò. Wọ́n gba hapsikọ́ọ̀dù àwọn ọlọ́lá tó sá fún Ìyípadà náà, wọ́n kó wọn jọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin ìjọba, ìtàn sì sọ pé nígbà òtútù ọdún 1816 wọ́n fi àwọn kan dáná yá.

Ìwé ló kù. Johannes Brahms, tó jẹ́ ọ̀gá nídìí píánò, bá Chrysander, onímọ̀ ìtàn orin, tún ìwé François Couperin tẹ̀. Apá àkọ́kọ́ jáde ní 1871, gbogbo rẹ̀ sì parí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1888. Ọdún kan lẹ́yìn náà, hapsikọ́ọ̀dù tuntun hàn níbi ìpàtẹ ńlá ti Paris. Wanda Landowska, ọmọ Pólàńdì, wá gbé e lé èjìká: ilé iṣẹ́ Pleyel kan ọ̀kan fún un ní 1912, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Saint-Leu-la-Forêt ní 1925. Ní 1940 ó sá fún àwọn ọmọ ogun Hitler, wọ́n sì kó ilé ìkówèésí àti àwọn ohun èlò orin rẹ̀ lọ. Louise Hanson-Dyer, ará Ọsirélíà tó ń gbé Paris, fi owó ara rẹ̀ tẹ gbogbo iṣẹ́ François Couperin ní apá 12, kó lè bọ́ sí igba ọdún tó kú, ní 1933. Ní 1936, ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ kan náà gbé orin Louis jáde. Paul Brunold ló ṣètò rẹ̀, òun sì ni atẹdùùrù Saint-Gervais nígbà yẹn. Ọdún 275 ni orin hapsikọ́ọ̀dù Louis lò lẹ́yìn ikú rẹ̀ kó tó di odindi ìwé tí wọ́n tẹ̀, ìjókòó Louis ni ẹni tó ṣe é sì jókòó lé.

Àwọn tó ń kọ orin lóde òní náà padà sídìí rẹ̀. Antoinette Vischer, obìnrin ará Swítsàlandì, ní kí György Ligeti kọ nǹkan fún òun, ni Ligeti bá kọ *Continuum* ní 1968. Orin náà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí ibi ìtẹ̀ méjì, lójú kan náà, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí nínú *Le Tic-Toc-Choc*, wọ́n sì ń sáré débi pé etí kò lè ka ohùn mọ́. Ó di ìró kan tó ń yí díẹ̀díẹ̀. Elisabeth Chojnacka, tó ń tẹ hapsikọ́ọ̀dù, mú kí Xenakis, olórin mìíràn, kọ *Khoaï* ní 1976, Ligeti sì kọ *Hungarian Rock* fún un ní 1978. Nínú *Continuum*, kò sí ọ̀ṣọ́, kò sí tábìlì, kò sí ohun tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè dá dúró kó tó jẹ́ kó dún. Ohun tó wà lórí bébà náà ni ohun tí a gbọ́. François ì bá gbóríyìn fún un, àmọ́ n kò rò pé ì bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá ní píánò tàbí kíbọ́ọ̀dù nílé, tó sì lè ka àmì orin díẹ̀, kò sí ẹ̀tọ́ ìtẹ̀wé lórí àwọn prélude mẹ́jọ inú *L'art de toucher le clavecin* mọ́. Ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó tẹ gbogbo ọ̀ṣọ́ tó wà nínú èkíní bí François ṣe kọ ọ́, kó tó pinnu pé òun yóò yọ ìkankan kúrò. Bí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, kó wá prélude Louis kan. Kó má jẹ́ kí àwọn òdo funfun yẹn tàn án: Louis le ju François lọ.